Èfín Lára Ohùn

Bí ènìyàn bá fẹ́ ba ohùn jẹ́ ní Ìkòròdú, kò yẹ kó náwó sí i. Ẹ̀rọ amúnáwá ń bú ramúramù lójúlé kan sí ìkejì, ọkọ̀ ojú omi ń han ní èbúté Ipakodo láti àárọ̀, ọkùnrin tó ń ta oògùn eku sì ní gbohùngbohùn tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìdrís sanwó. Ó san án fún àwọn Òyìnbó kan tí kò rí rí, kí wọ́n lè fún un ní ohun tí yóò máa fi ariwo sínú ohùn tó mọ́.

Ohun náà ni àwọn onísítúdíò ń pè ní plugin. Kì í ṣe ẹ̀rọ tí a lè fọwọ́ kàn. Inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó mú ohùn tí a gbà sílẹ̀ lónìí, kó jẹ́ kó dún bí èyí tó ti wà nínú kásẹ́ẹ̀tì láti ayé bàbá ẹni: kó máa hó wúyẹ́wúyẹ́ lábẹ́lẹ̀, kó máa mì díẹ̀, kó rọ̀ létí. Irú orin bẹ́ẹ̀ ni Ìdrís ń ṣe jẹun, bó bá rí jẹ. Ó háyà yàrá kan ní Ipakodo, ó fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, ó pè é ní sítúdíò. Nílé wọn ní Ẹ̀pẹ́, yàrá ni wọ́n ń pè é.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń pè é ní sítúdíò ni ìyá rẹ̀, Rọ̀kíbátù, tó ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo kí ọlọ́jọ́ tó dé. Bí Bàbá Fàsásì, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, bá bi í pé iṣẹ́ wo gan-an ni Ìdrís ń ṣe, á ní, "Iṣẹ́ ohùn ló ń ṣe," á sì máa yí ẹja rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ìtumọ̀ iṣẹ́ ohùn. Òun náà kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń wí i, ènìyàn kì í lè tún un bèèrè.

Ó ti pé ọdún kan tó ti kú. Ẹgbẹ́ àsàlátù rẹ̀ ló fẹ́ ṣe àdúrà ọdún náà lọ́jọ́ Àìkú, àbúrò rẹ̀, Fàlílátù, tó jogún ìsọ̀ ẹja rẹ̀ tó sì jogún ipò adarí ẹgbẹ́, ló pe Ìdrís lórí fóònù.

"Ìdrís, a fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá rẹ lọ́jọ́ yẹn. Ṣebí òun ló máa ń ní iṣẹ́ ohùn lò ń ṣe?"

"Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí. Ẹ fi lé mi lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀ pé ó wúwo. Gbogbo ẹbí ló máa wà níbẹ̀. Bí ohùn náà bá dára, wọ́n á mọ̀ pé ìyá rẹ̀ kò parọ́ fún wọn láti ọjọ́ yìí wá. Bí kò bá dára, a jẹ́ pé obìnrin náà ti kú tán, ọmọ rẹ̀ ṣì tún sọ ọ́ di òpùrọ́. Ohun tó ń ba Ìdrís lẹ́rù nìyẹn.

Ohùn náà kò ṣòro láti rí. Ní àràárọ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń gbàdúrà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, láti ìdí ẹja rẹ̀, kí oníbàárà tó pọ̀. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú fóònù. Ká sọ òótọ́, Ìdrís kì í fara balẹ̀ gbọ́ wọn nígbà tí ìyá náà wà láyé. Ibì kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ lórí WhatsApp tí ohùn á fi máa sáré ní ìlọ́po méjì, ibẹ̀ ni Ìdrís máa ń tẹ̀. Ìyá rẹ̀ á máa gbàdúrà bí ẹni tí ajá ń lé, òun á máa fọ eyín. Bó bá fọ eyín tán, á fi àwòrán àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pa pọ̀ ránṣẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Ìgbà tó wá fẹ́ lò wọ́n ló rí i pé àlàfo pọ̀ nínú wọn. Ìyá rẹ̀ á gba àdúrà kan, á dákẹ́. Ènìyàn á máa gbọ́ ariwo ọjà, á máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ná ẹja. Lẹ́yìn náà á wí pé, "Ṣe àmín, Ìdrís," á tún dákẹ́, kó tó bọ́ sórí òmíràn. Ìdrís gé gbogbo ìyẹn kúrò. Oníṣẹ́ ohùn kì í fẹ́ àlàfo, nítorí àlàfo ní í pa orin. Ó lẹ àdúrà kan mọ́ èkejì, ó rọra tẹ dùùrù sábẹ́ wọn, gbogbo rẹ̀ sì wá ń ṣàn geere. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tó kù ni ohùn fúnra rẹ̀. Fóònù ìyá rẹ̀ kì í ṣe fóònù gidi, ohùn náà le, ó ń han bí ìgbà tí a bá sọ̀rọ̀ sínú agolo. Ìdrís fẹ́ kó rọ̀, kó dún bí kásẹ́ẹ̀tì wáàsí tí wọ́n máa ń gbọ́ nílé nígbà tó wà ní kékeré. Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ fún Fàlílátù.

"Àǹtí, mo fẹ́ sọ ọ́ di bí ohun àtijọ́ ni."

"Kí ló ṣe èyí tó wà?"

"Ó le. Ó ṣì ń dún bíi fóònù. Mo fẹ́ kí nǹkan díẹ̀ wà lára ẹ̀, kó má kàn dá wà lóhòòhò bẹ́ẹ̀."

"O fẹ́ yan án ni, àbí?" ni Fàlílátù wí.

Ìdrís rò ó wò. "Ẹ̀n-ẹ́n. Èfín ni mo fẹ́ fi sí i."

"Ó ti yé mi. Ṣáà má jẹ̀ẹ́ kó jóná. Ẹja tó bá jóná, ológbò gan-an á kọ́kọ́ wojú ẹ kó tó jẹ ẹ́."

Nínú ilé tí Ìdrís ń gbé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Ògoolúwa, ọmọ Ìlá, tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ pé Ìdrís ń wá plugin, ó sì mú fláàṣì jáde lápò.

"Èyí tí wọ́n ti kíráàkì nìyí. Kó o tó mu omi tán, ó ti ń ṣiṣẹ́."

"Àdúrà ìyá mi ni o. Ṣé ohun olè ni kí n fi ṣe é?"

"Mi ò rò ó débẹ̀," ni Ògoolúwa wí, ó sì dá fláàṣì padà sápò.

Rọ̀kíbátù kò da ẹja àná pọ̀ mọ́ tòní tà rí. Ìdí nìyẹn tí ọmọ rẹ̀ fi sanwó, ibẹ̀ ni ìyà rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ayé plugin kò rí bí ayé tiwa yìí. Ẹni tó jí i gbé kì í rí wàhálà, ẹni tó sanwó ni wọ́n ń dá dúró wádìí.

Lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn tó sanwó tán, wọn kò fún un ní plugin. Wọ́n fún un ní alágbàtà kan, ìyẹn ohun mìíràn tí yóò máa gbé inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí yóò sì bá a lọ mú plugin wá. Alágbàtà ní kó forúkọ sílẹ̀. Ó forúkọ sílẹ̀. Alágbàtà ní pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kò lágbára. Ó fi nọ́ńbà kún un. Ó ní kò tíì lágbára síbẹ̀. Nígbà tí pásíwọ́ọ̀dù fi máa lágbára tó, Ìdrís fúnra rẹ̀ kò rántí rẹ̀ mọ́. Wọ́n wá ní kó fi hàn pé ènìyàn lòun, kó tọ́ka sí gbogbo àwòrán tí ẹ̀rọ omi panápaná tí wọ́n ń rì mọ́ ẹ̀bá títì wà. Ìdrís kò rí irú rẹ̀ rí ní Ìkòròdú, kò rí i ní Ẹ̀pẹ́. Ó tọ́ka sí gbogbo ohun tó pupa. Wọ́n ní kò jọ ènìyàn. Ó tún un ṣe, wọ́n tún fi àwòrán mìíràn hàn án, wọ́n sì jàjà gbà fún un.

Alágbàtà wá ní òun fúnra òun ti gbó, pé òun gbọ́dọ̀ di tuntun kí òun tó rìn. Ìdrís ní kó di tuntun. Dátà tán lójú ọ̀nà. Ó ra òmíràn. Alágbàtà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún bi í bóyá ènìyàn ni.

Nígbà tó mú plugin dé níkẹyìn, kọ̀ǹpútà ní òun ti gbà á wọlé. Ẹ̀rọ tí Ìdrís fi ń po orin nínú kọ̀ǹpútà kan náà ní òun kò rí àlejò kankan. Ó ké sí Ògoolúwa, Ògoolúwa sì wo ojú ẹ̀rọ títí.

"Fódà tó gbé e sí, ibẹ̀ kọ́ ni èyí ń wò. Gbé e wá síbí. Kó o wá pa á, kó o tún un tàn."

Kò pọn dandan kí ó pa á. Iná ló lọ, kọ̀ǹpútà náà sì kú fin-ín, nítorí bátìrì rẹ̀ ti di ẹrù lásán láti ìgbà pípẹ́. Ìdrís jókòó sínú ooru títí iná fi dé. Ó tàn án. Plugin jáde. Ojú rẹ̀ rí bíi rẹ́díò àtijọ́, pẹ̀lú bọ́tìnì róbótó róbótó tí wọ́n ń yí. Ìdrís yí èyí tó ń fi èfín sí ohùn, ohùn ìyá rẹ̀ sì rọ̀. Ó rọ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe fẹ́ ẹ. Ó dà bíi pé ìyá náà ti wọ inú yàrá, tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Omi lé sí Ìdrís lójú.

Ibẹ̀ ni ohùn ti dákẹ́ wẹ́lo.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ níbi tó wù ú. Ó tún dákẹ́. Ìdrís wo ojú plugin, ó rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀dà ìdánwò nìyí, pé títí yóò fi tẹ nọ́ńbà àṣẹ tó rà sí i, ohùn á máa dákẹ́ lóòrèkóòrè. Ó tẹ nọ́ńbà àṣẹ. Wọ́n ní àṣẹ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi fóònù kọ ìmeèlì sí wọn, ìdáhùn sì dé kíákíá: wọ́n ní àwọn dúpẹ́ fún sùúrù rẹ̀. Kò sí sùúrù kankan lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà.

"Àṣẹ tí mo ti sanwó ẹ̀," ni Ìdrís ń wí, "wọ́n ní kò tíì bẹ̀rẹ̀."

"Òyìnbó ni wọ́n," ni Ògoolúwa dá a lóhùn. "Bóyá ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́dọ̀ wọn."

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ Sátidé ṣe dé bá wọn. Fàlílátù pè láàárọ̀, ó ní kí Ìdrís fi èyí tó bá wà nílẹ̀ ránṣẹ́, kó lè fọkàn balẹ̀. Ìdrís fi ránṣẹ́ tòun ti ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀, ó sì wí fún un pé, "Àǹtí, kò tíì parí o. Ó ń dákẹ́ lójijì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ." Ó di kọ̀ǹpútà sínú báàgì, ó wọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, pé bóyá òun á rí i ṣe níbẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ẹ sọ fún ọmọ Ẹ̀pẹ́ pé kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ nǹkan, kẹ́ ẹ wò ó. Ìdrís kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ àsàlátù ló yí ọpọ́n ká, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà tí wọn yóò fi din àkàrà sàárà. Fàlílátù ti gbé fóònù sínú abọ́ tánganran kí ohùn lè jáde dáadáa.

"Ọ̀nà rẹ á là," ni Rọ̀kíbátù ń wí nínú abọ́. "Ohun burúkú kò ní pàdé rẹ ní..."

Ohùn dákẹ́.

"Àmín!" ni gbogbo wọn wí.

"...bó o bá sì ń bọ̀. Aláàánú á dìde sí ọ láti ibi tó ò fọkàn..."

"Àmín o!"

Ìtìjú bo Ìdrís. Ó dúró síbẹ̀ tòun ti báàgì lọ́rùn. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá. Àǹtí, mo bẹ̀ yín pé..."

"Káàbọ̀, ọkọ mi. Wá jókòó." Ojú Fàlílátù ń dán. "O gbìyànjú! Bó ṣe máa ń ṣe gan-an nìyí. Á dúró kí á ṣe àmín. Báwo lo tiẹ̀ ṣe mọ̀ pé ká fàyè sílẹ̀ fún àmín?"

"Èmi kọ́, Àǹtí. Ẹ̀rọ ló ń bínú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ni. Àlàájà Àsíátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun ni àgbà ẹgbẹ́, òun àti Rọ̀kíbátù ló sì jọ bẹ̀rẹ̀ ẹja títà. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ, kò gbójú sókè.

"Ó ku díẹ̀ káàtó," ló wí.

"Kí ló kù, Àlàájà?" ni Ìdrís béèrè.

"Ó ń dúró lóòótọ́, àmọ́ kì í dúró síbẹ̀ yẹn. Rọ̀kíbátù kì í já àdúrà láàárín. Á wí tiẹ̀ tán, á wá máa wò ẹ́ lójú. Bó ò bá ṣe àmín, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ wà níbẹ̀. Oníbàárà á nawọ́ owó sí i títí, kò ní gbà á, àfi kí ẹni tó ń ṣàdúrà fún dá a lóhùn." Ó ju èèpo kan nù. "Èyí tó o gbé wá yìí ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ń lé e."

 Ìdrís mọ ẹni tó ń lé e.

Ó wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà sórí ibùsùn. Ojú ń tì í, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́. Bó ṣe ń tàn án ni Ògoolúwa pè.

"Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn. Wo igun kọ̀ǹpútà ẹ nísàlẹ̀. Ọjọ́ wo ló kọ síbẹ̀?"

Ìdrís wò ó. Ọjọ́ kan ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ló wà níbẹ̀.

"Mo mọ̀!" ni Ògoolúwa kígbe. "Bátìrì kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ń bá a rántí ọjọ́, ìyẹn ti kú. Àtìgbà tíná lọ mọ́ ọn lórí ló ti padà síbẹ̀. Lójú tiẹ̀, o ò tíì ra nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnì kankan. Yí ọjọ́ ẹ̀ padà, àṣẹ ẹ á wọlé."

Ìdrís dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé fóònù sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí i lójú ẹsẹ̀. Ó ń wo ọjọ́ náà. Lójú kọ̀ǹpútà yẹn, Rọ̀kíbátù ṣì wà ní Ọjà Olúwo, ó ń yí ẹja, àdúrà òní sì lè máa bọ̀ lórí fóònù nígbàkigbà. Ó dùn ún láti fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ó yí i. Plugin kí i kú oríire, ìdákẹ́jẹ́ sì tán nínú ohùn, àdúrà wá ń ṣàn geere láìdúró, bó ṣe ń wá a láti ọjọ́ yìí.

Ó gbọ́ ọ títí dé ìparí, ó sì rí i pé kò dára.

Ó wá ṣí àwọn àdúrà náà bí ìyá rẹ̀ ṣe fi wọ́n ránṣẹ́, ó tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò fi kún ìrìn wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa fara balẹ̀ gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń rọra gbàdúrà fún un. Gbogbo àlàfo tó gé dànù ló ń wá padà, ó ń dá wọn sí àyè wọn, tòun ti ariwo ọjà inú wọn. Ó dá "Ṣe àmín, Ìdrís" padà. Ó dá ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń wí ní ìparí gbogbo rẹ̀ padà, "Ó dáa. Lọ jẹun," bíi pé ó ti gbọ́ àmín tó ń retí. Dùùrù kò mọ ibi tó yẹ kó ti dákẹ́, Ìdrís yọ ọ́. Èfín nìkan ló jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ó ti jìyà lórí rẹ̀ jù.

Lọ́jọ́ Àìkú, èrò kún iwájú ilé. Wọ́n ti ṣe wáàsí, wọ́n ti ṣàdúrà fún òkú, wọ́n wá gbé ohùn Rọ̀kíbátù sórí gbohùngbohùn. Kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun nípa èfín. Kò sẹ́ni tó tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Bàbá Fàsásì tẹ́tí díẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé ohùn náà sókè sí i.

"Ara rẹ á le," ni ohùn náà wí. "O ò ní ṣàìsàn ní ìlú onílùú." Ó dúró.

"Àmín!" ni àwọn ìyá dáhùn.

"Ṣe àmín, Ìdrís."

 Àmín yẹn kì í ṣe tiwọn, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ń ná ẹja nínú gbohùngbohùn. Àwọn tó wà níwájú yíjú padà wo Ìdrís, lẹ́yìn náà àwọn tó kù. Ìdrís ya ẹnu, àmín kò jáde. Ìyá rẹ̀ dúró dè é títí, kó tó máa bá tirẹ̀ lọ.

"Iṣẹ́ ohùn tó ò ń ṣe yìí, tí mi ò mọ̀dí ẹ̀, Ọlọ́run á jẹ́ kó yé àwọn èèyàn."

Kò sí ìyá kankan tó dáhùn lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ń wò ó.

"Ṣe àmín, Ìdrís."

"Àmín, Màámi," ni Ìdrís wí. Ó ń sunkún, kò sì fi pamọ́.

Oníbàárà inú gbohùngbohùn ní kí wọ́n bá òun dín owó ẹja kù. Rọ̀kíbátù kò dá a lóhùn.

"Ó dáa," ló wí. "Lọ jẹun."

Àlàájà Àsíátù ti abọ́ àkàrà síwájú Ìdrís, Ìdrís sì jẹ ẹ́.